MÍMÚ ABẸ́RẸ́ ÀTI MÍMÚ ÀDÁ

Ní gbogbo ilé-ìwé, bí a bá rí ọmọ kan tí ó tètè ń dáhùn ìbéèrè, tí kò jẹ́ kí olùkọ́ parí ọ̀rọ̀ kí ó tó nawọ́ sókè, a máa ń wí pé ọpọlọ ọmọ náà mú. Bí a bá sì rí òmíràn tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ó ń yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn nínú ara rẹ̀, a máa ń wí pé ọpọlọ tirẹ̀ kú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ọ̀bẹ kú nígbà tí kò lè gé iṣu mọ́. Àwọn mìíràn nínú wa tilẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba: wọ́n ń pè é ní olódo. Ọ̀rọ̀ méjì yìí, mímú àti kíkú, ni a fi ń dá ọmọ ènìyàn lẹ́jọ́ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí agogo ìparí bá lù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni nínú wa tí ó ti dúró bi ara rẹ̀ léèrè pé, Kí ni mímú gan-an? Ǹjẹ́ gbogbo ohun tí ó mú ni ó yẹ fún ìyìn? Bí olùkọ́ bá ń pọ́n ọpọlọ ọmọ bí ẹni pọ́n ọ̀bẹ, iṣẹ́ wo ni ó fẹ́ kí ọ̀bẹ náà ṣe?

Àwa rò pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Kì í ṣe pé èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́n ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ènìyàn a máa rí ilé ara rẹ̀ dáradára nígbà tí ó bá dúró ní ìloro aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "acute". Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń pàdé rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, wọn a tún pàdé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọn a tún gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, wọn a sì rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, inú èdè Látìnì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á. Ní èdè náà, "acus" ni abẹ́rẹ́; "acuere" ni kí á pọ́n nǹkan títí yóò fi mú; "acutus" sì ni ohun tí a ti pọ́n tí ó sì ti mú. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Láti ìdílé kan náà ni "acid" ti wá, èyí tí í ṣe ohun kíkan tí ń ta ahọ́n, àti "acumen", èyí tí í ṣe òye tí ń tètè wọ inú ọ̀rọ̀ lọ.

Kí olùkàwé fi ọkàn sí i pé abẹ́rẹ́ ni ó wà nínú ìdílé ọ̀rọ̀ yìí. Àdá mú, abẹ́rẹ́ náà sì mú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Àdá a máa pín ohun kan sí méjì. Abẹ́rẹ́ a máa gún ohun méjì kí òwú lè tẹ̀ lé e, kí méjèèjì sì di ọ̀kan. Nígbà tí àwọn àgbà wí pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, wọ́n ti kíyè sí i pé abẹ́rẹ́ kì í la ọ̀nà fún ara rẹ̀ nìkan. Ohun kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sì tún wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nípa èyí wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe fi ojú kékeré wo ohun tí ó mú nítorí pé kò tóbi. Àwa kò wí pé gbogbo èyí ni àwọn ará Róòmù ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń sọ èdè wọn. Ohun tí a wí ni pé oríṣi mímú méjì ni ó wà ní ayé, àti pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pọ́n ohun tí kò yẹ kí ó pọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìlò ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn. Nínú jọ́mẹ́tírì, igun tí kò tó díguríì 90 ni a ń pè ní "acute". Èyí tí ó ju 90 lọ tí kò sì tó 180 ni a ń pè ní "obtuse", ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Bí igun bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú sí i. Ẹ kíyè sí i pé "obtuse" kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹni tí òye ọ̀rọ̀ kì í tètè yé. Nítorí náà àwọn pẹ̀lú, bí àwa, ń fi ọ̀rọ̀ irin sọ̀rọ̀ ọkàn.

Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, àìsàn "acute" ni èyí tí ó dé lójijì tí kì í sì í pẹ́ kí ó tó parí, yálà sí rere tàbí sí búburú. Èyí tí ó dojú kọ ọ́ ni "chronic", ọ̀rọ̀ tí ó wá láti inú èdè Gíríkì, níbi tí "khronos" ti túmọ̀ sí àkókò. Àìsàn tí ń bá ènìyàn gbé láti ọdún dé ọdún ni. Ibà tí ó kọlu ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ "acute". Àtọ̀gbẹ jẹ́ "chronic". Ìpín yìí ti pẹ́ púpọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ikú Olúwa wa, oníṣègùn kan ní Àríwá Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caelius Aurelianus, kọ ìwé ní èdè Látìnì lórí àìsàn oríṣi méjèèjì, ó sì gbé e ka orí iṣẹ́ Soranus, oníṣègùn ará Éfésù. Níhìn-ín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n ń rò pé "acute" túmọ̀ sí àìsàn tí ó le. Ọ̀fìnkìn lásán jẹ́ "acute", kò sì le. Ọ̀pọ̀ àìsàn "chronic" sì wà tí ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Bí ó ti dé àti bí yóò ti pẹ́ tó ni oníṣègùn ń fi ọ̀rọ̀ náà wí.

Àwọn oníwèé-ìròyìn ń lò ó fún àìtó nǹkan, bí àìtó omi tàbí oúnjẹ, nígbà tí ó bá dé ojú ibi tí ó ń dun gbogbo ènìyàn. A ń lò ó fún ìrora tí ń gún ni. A ń lò ó fún etí tí ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́, fún imú tí ń tètè gbóòórùn, àti fún ọkàn tí ń rí ohun tí ó fara pamọ́. Ṣùgbọ́n a kì í lò ó fún ọ̀bẹ. "Sharp" ni ti ọ̀bẹ àti ti àdá. Ọmọ tí ó bá kọ "an acute knife" sínú ìwé rẹ̀, ohun tí ó fẹ́ wí yóò yé wa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni èdè kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹnu tí ń sọ̀rọ̀ gún ènìyàn: "a sharp tongue" ni wọ́n ń pè é, a kò sì gbọ́ kí wọ́n pè é ní "an acute tongue". Olùkọ́ lè kà á sí ọ̀rọ̀ gírámà lásán, kí ó fa ìlà pupa sí i, kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n àwa rí ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ènìyàn, ohun tí ń mọ̀, tí ń rí, tí ń gbọ́, tí ó sì ń dunni, ni "acute" dúró tì. Kò bá ohun tí ń gé ẹlòmíràn lọ.

Ibi kan sì wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ilé wa, tí ó ti jókòó, tí ó sì ti di ọmọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Àmì kékeré tí a ń fà sí orí lẹ́tà láti fi hàn pé ohùn lọ sókè, èyí tí a ń pè ní àmì òkè, "acute accent" ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gíríkì ni ó kọ́kọ́ lò ó, nítorí pé èdè wọn láyé àtijọ́, bí tiwa, ń gbé ohùn sókè ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pe ohùn òkè ní "oxeia", èyí tí ó túmọ̀ sí ohùn mímú, wọ́n sì pe ti ìsàlẹ̀ ní ohùn wíwúwo. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó gbà pé Aristophanes ará Bìsáńtíọ́mù, tí ó ń tọ́jú ilé ìkàwé ńlá ní Alẹkisáńdíríà, ni ó dá àwọn àmì náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tẹ ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1852, àwọn àmì wọ̀nyí ni ó fi ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ìlà kékeré yìí ń ṣe. Láìsí i, ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ obìnrin níyàwó. Fà á sí i, ó di ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Láìsí i, igba ni iye owó. Fà á sí i, ó di igbá tí a fi ń bu omi. Bí obìnrin kan bá kọ̀wé sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé ọkọ́ òun sọnù lóko láti àná, tí ó sì gbàgbé àmì yìí, gbogbo ẹbí ni yóò tan iná wá ọkọ rẹ̀ kiri inú igbó ní òru, nígbà tí ọkùnrin náà yóò sì wà nílé tí ń jẹun. Àmì náà kò gé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ya ohun méjì tí ó jọ ara wọn sọ́tọ̀, kí a má ba à ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

Ohun kan náà ni a tún rí nínú ìmọ̀ ojú. Ní ọdún 1862, dókítà ojú kan ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Herman Snellen, ṣe ìwé gbọọrọ kan tí a ń fi kọ́ ara ògiri, tí lẹ́tà orí rẹ̀ tóbi, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ sì ń kéré sí i. Irú rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn títí di òní. A ó mú aláìsàn dúró ní ibi tí ó jìnnà tó mítà 6, a ó sì ní kí ó kà á. Bí ó bá ka ìlà tí ojú tí ó dá ṣáṣá ń kà láti ibẹ̀, a ó kọ 6/6. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ìlà tí ojú tí ó dá ṣáṣá lè kà láti mítà 12 ni ó rí kà, a ó kọ 6/12. "Visual acuity" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí a ń wọ̀n yìí. Mímú ojú ni. Ṣùgbọ́n kí ni a ń wọ̀n níti gidi? Bóyá ojú lè mọ àlàfo kékeré tí ó wà láàárín apá kan lẹ́tà àti apá kejì ni, àlàfo tí kò ju ìdá kan nínú 60 díguríì kan ṣoṣo lọ. Ojú tí ó mú ni èyí tí ohun méjì tí ó sún mọ́ ara wọn ń jẹ́ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú tí ó kú ni èyí tí wọ́n ń papọ̀ di ọ̀kan nínú rẹ̀.

Níbi yìí ni a ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí a kọ́kọ́ bi ara wa. Mímú ọkàn ni kí ènìyàn lè mọ ohun méjì tí ó jọra ní méjì: kí ó mọ ìtara yàtọ̀ sí ìbínú, kí ó mọ ìrẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rù, kí ó mọ ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé kò mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé ó ń rò ó. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yíyára kì í ṣe mímú. Ẹ jẹ́ kí á bi àwọn ọmọ kíláàsì kan pé: igi kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, a sì fẹ́ fi ayùn gé e sí ọ̀nà 4 tí ó dọ́gba, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó gé e? Ọmọ tí ó yára yóò nawọ́, yóò sì wí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ tí ó dákẹ́ yóò fojú inú gé igi náà, yóò sì rí i pé bí a bá gé e lẹ́ẹ̀mẹta péré, ọ̀nà mẹ́rin ti pé. Iye gígé àti iye ègé jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ tí a ń pè ní olódo ni ó rí ìyàtọ̀ náà.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò dá wa lóhùn pé ìdánwò ní agogo, àti pé ẹni tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ kì í dúró de ẹni tí ń rò ó pẹ́. Òtítọ́ ni. Àwa kò sì wí pé gbogbo ọmọ ni ó dọ́gba, tàbí pé ìlọ́ra jẹ́ ohun ìyìn. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n yára tí wọ́n sì tún mú, ìbùkún ni wọ́n jẹ́ fún olùkọ́ wọn. Ohun tí a ń wí ni pé kí á má ṣe fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì. Bí onígbàjámọ̀ bá fi abẹ tí ó kú fá orí kíákíá, kì í ṣe mímú abẹ ni yóò hàn lórí ẹni tí ó fá bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sì tún wí pé: Ṣé kì í ṣe àwọn tí ọpọlọ wọn mú ni wọ́n ń fi ìwé yan àwọn ẹlòmíràn jẹ? Èyí ni àtakò tí ó lágbára jùlọ, ìtàn ọ̀rọ̀ "acute" fúnra rẹ̀ sì dáhùn sí i lọ́nà tí ó yà wá lẹ́nu. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ọ̀rọ̀ náà kúrò, wọ́n sì ń pè é ní "cute". Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó já fáfá ni wọ́n fi ń pè. Ó sì tún ń tọ́ka sí ẹni tí ó gbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, tí kì í pàdánù nínú òwò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní Amẹ́ríkà, ó yí padà, ó di ọ̀rọ̀ fún ohun kékeré tí ó wuni lójú, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń lò ó títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara òye jíjinlẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ fún ọmọlangidi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń rí fún ènìyàn tí ń fi mímú rẹ̀ wá èrè fún ara rẹ̀ nìkan. Ìjàpá ni bàbá irú wọn. Gbogbo wa ni a mọ̀ bí ó ti kó ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, tí ó fi í kọ́ ọrùn sí iwájú àyà, tí ó sì fẹ́ gun ọ̀pẹ lọ fi í pamọ́; akèrègbè náà kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ kan igi, títí ẹni tí ń kọjá lọ fi sọ fún un pé kí ó gbé e sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ní gbogbo ọgbọ́n lápò ni kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Àwọn Gíríkì ní ọ̀rọ̀ kan, "oxymoron", tí wọ́n fi mímú àti òmùgọ̀ so pọ̀. A ń lò ó fún gbólóhùn tí ohun méjì inú rẹ̀ tako ara wọn. Ó dàbí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé méjèèjì lè bá ara wọn gbé nínú ilé kan.

Ohun kan kù tí ọ̀rọ̀ yìí ń kọ́ wa, òun ni ó sì wúwo jùlọ. A ti wí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo "acute" fún òye, wọ́n sì ń lò ó fún ìrora. Àwa kò rò pé èṣì ni. Ohun tí ó lè mọ nǹkan dáradára ni nǹkan lè dùn dáradára. Àrùn ẹ̀tẹ̀ fi èyí hàn wá. Kòkòrò rẹ̀, tí Armauer Hansen ará Norway rí ní ọdún 1873, a máa ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, ọwọ́ a sì dẹ́kun láti mọ ìrora. Ẹni tí ó kàn lè di ìkòkò gbígbóná mú kí ó má sì mọ̀ títí awọ ọwọ́ yóò fi bó. Ọgbẹ́ tí kò dùn ún ni kò ní tọ́jú, èyí tí kò tọ́jú ni yóò sì ba ìka rẹ̀ jẹ́. Lónìí, oògùn wà tí ń wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n iṣan tí ó ti kú pátápátá ṣòro láti jí. Nítorí náà, ìrora tí ń gún ni kì í ṣe ọ̀tá, olùṣọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkàn òun mú kí ó mọ̀ pé òun yóò san owó rẹ̀. Yóò rí omijé tí ẹlòmíràn kò rí. Yóò gbọ́ ebi nínú ohùn ọmọ tí ń wí pé òun kò fẹ́ jẹun. Yóò mọ ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń parọ́ fún ara rẹ̀, kò sì ní rí oorun sùn. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ irú ìyà yìí, nítorí náà wọ́n pọ́n ahọ́n wọn, wọ́n sì fi ọkàn wọn sílẹ̀ kí ó kú. Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú kí gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín ọmọ kan, wọn a sì pe èyí ní ọgbọ́n. Àwọn àgbà wa kò pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọfà náà mú. Ṣùgbọ́n mímú àdá ni, kì í ṣe mímú abẹ́rẹ́, kò sí òwú kankan tí ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Ọmọ kan wà ní ẹ̀yìn kíláàsì tí ó kọ 3 sínú ìwé rẹ̀ níbi tí ẹ kọ 8 sí pátákó. A nà án ní ọjọ́ Ajé, a tún nà án ní ọjọ́rú, a sì pè é ní olódo níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá mú un wá sí iwájú, yóò kọ 8. Ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà. Nínú olùkọ́ àti ọmọ yìí, ta ni ojú rẹ̀ kú jù? Ọmọ náà kò lè ya 3 sọ́tọ̀ kúrò lára 8. Olùkọ́ kò lè ya àìríran sọ́tọ̀ kúrò lára àìgbọ́n. Ti ọmọ náà ní ìwòsàn, awò ojú lè tún un ṣe. Ti olùkọ́ ni ó léwu, nítorí pé ọmọ mìíràn yóò tún jókòó síbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí á kọ́ ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀. Ọmọ tí kì í pẹ́ dé ilé-ìwé rí, tí ó wá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, ohun kan ni ó ṣẹlẹ̀ lójijì ní ilé rẹ̀: bóyá ìyá rẹ̀ ni kò sàn, bóyá omi ni ó ń lọ pọn ní ibi jíjìnnà. Ọmọ tí ó sì ti ń pẹ́ láti ìgbà tí ó ti wọ kíláàsì kìíní, ìwà ni ó ti di lára rẹ̀. Ẹ̀bi méjèèjì jọra nínú ìwé orúkọ, nítorí pé àmì kan náà ni a fi kọ wọ́n; ṣùgbọ́n ìkínní jẹ́ "acute", èkejì jẹ́ "chronic". Ìkínní ń fẹ́ ìbéèrè jẹ́jẹ́ àti ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Èkejì ń fẹ́ sùúrù ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó bá fi pàṣán kan náà wo méjèèjì kò ní wo ọ̀kankan sàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé a bí ọ̀bẹ ní mímú. Orí òkúta ni ó ti ń gbà á, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì ń pàdánù díẹ̀ lára irin rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n ọn. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ kan tí kò yé yín, kí ẹ bi ìwé ìtumọ̀ léèrè. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, kí ẹ fi àmì sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá ń sú láti ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ lórí ìwé yóò sú láti ya ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́tọ̀ nínú ayé. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì fi àṣìṣe yín hàn yín, kí ẹ gbà á, bí ó tilẹ̀ gún yín. Nítorí pé bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò sí ọpọlọ kan tí ó mú tó láti rí gbogbo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Àdá wúlò, àwa kò bú u; oko kò lè ṣe láìsí i. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ohun tí a ní lọ́wọ́ kì í ṣe igbó bí kò ṣe ọmọ ènìyàn, mímú abẹ́rẹ́ ni ó yẹ wá. Nígbà tí a bá tún fẹ́ wí pé ọpọlọ ọmọ kan mú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti fi rán pọ̀.